Bí ẹ ṣe lè lo ìtọ́jú ọ́stíópátì fún ìrora ìsàlẹ̀ ikùn tí ò lọ bọ̀rọ̀

Ẹ̀yin tí ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ìbàdí ti ń dùn láti bí oṣù mẹ́fà, tó ń lọ tó ń bọ̀, tẹ́ ẹ ti mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí títí ó fi sú yín, tẹ́ ẹ ti gba abẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ ti ṣe skáànù tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀, torí tiyín ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo mọ ìrora yẹn, ó bá èmi náà gbé pẹ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé gbogbo nǹkan dáa, kó lọ sinmi, tó wá jẹ́ pé tó bá wọ mọ́tò láti Adó dé Ìkọlé, ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ló máa fi jókòó délé. Skáànù dáa o, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n iṣan tó ti há kì í sábà hàn nínú ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ló ń rí i.

Ìtọ́jú tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Andrew Taylor Still, ló gbé e jáde lọ́dún 1874, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún un ní Kirksville, ní ìpínlẹ̀ Missouri, lọ́dún 1892. Lónìí, ẹni tó bá kà á jáde ní Amẹ́ríkà, dókítà gidi ni, ó ń kọ oògùn, ó sì lè ṣiṣẹ́ abẹ. Ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ tó dá dúró ni, òfin 1993 ló sì ní kí gbogbo wọn máa forúkọ sílẹ̀. Níbí ní Èkìtì, ẹ lè wá ọ́stíópáàtì títí kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú, torí àwọn oníṣẹ́ físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ àti eré ìmárale tọ́jú iṣan àti oríkèé ní ọsibítù, náà ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ yẹn, ẹ̀ka físíò sì wà ní EKSUTH, ọsibítù Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní Adó, ó wà ní Federal Teaching Hospital ní Ìdó. Ẹ kàn béèrè pé ta ló máa ń tọ́jú ìbàdí àwọn obìnrin nínú wọn, torí kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ físíò ló kọ́ ti ìbàdí, ẹlòmíì ti orúnkún àti ẹ̀yìn ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ọwọ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀ ná. Àwọn iṣan kan wà tó tẹ́ sábẹ́ ìbàdí bí ẹní, láti egungun iwájú títí dé egungun ìparí ẹ̀yìn, àwọn ló gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun dúró. Tí nǹkan bá ń dun èèyàn pẹ́ níbẹ̀, ì báà ṣe nǹkan oṣù tó ń run inú, ì báà ṣe àrùn, ì báà ṣe ìrọbí tó le tàbí ojú àpá iṣẹ́ abẹ, àwọn iṣan yẹn á fún ara wọn pọ̀ láti dáàbò bo ibẹ̀, nígbà tó bá yá, ohun tó fà á lè ti lọ tán kí iṣan má tú sílẹ̀ mọ́. Iṣan tó ti fún látọdún mọ́dún ń ro, ó ń ta dé itan, ó ń ta dé ẹ̀yìn, ó lè jẹ́ kí èèyàn máa tọ̀ lemọ́lemọ́, ó lè jẹ́ kí ìgbẹ́ ṣòro, ó sì lè sọ ìbálòpọ̀ di ìyà. Ọpọlọ náà á ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, nǹkan kékeré tí kò tó nǹkan á kàn án báyìí, ara á ti gbà á bíi pé wọ́n gún un. Ibi tí ọ́stíópátì ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, lára iṣan, oríkèé, àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wé ẹran ara. Kì í yọ fíbrọ́ìdì. Kì í pa àrùn. Ẹni tó bá ní òun á fi ọwọ́ fọ ilé ọmọ yín mọ́, irọ́ ló ń pa.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀dọ̀ dókítà lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń jẹ gbogbo ẹ̀bi. Ẹ̀yìn ń ro, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìdí ń ta, jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ má lá ṣúgà mọ́. Ìyàwó ní ó ń dun òun tí ọkọ bá sún mọ́ òun, wọ́n á tún gbé ìgò agbo wá. Bẹ́ẹ̀ àrùn tó wọ ilé ọmọ lè wà níbẹ̀ tó ń ba ọ̀nà ọmọ jẹ́ lábẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ fíbrọ́ìdì, ó lè jẹ́ ẹndomẹtríósíìsì, ìyẹn kí ẹran tó yẹ kó wà nínú ilé ọmọ máa hù níta ẹ̀, ó lè jẹ́ àpò ìtọ̀ tàbí ìfun, ó sì lè jẹ́ méjì mẹ́ta pọ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n yẹ ojú ara wò, kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì oyún, kí wọ́n ya skáànù. Kẹ́ ẹ sì fi sọ́kàn pé ẹndomẹtríósíìsì lè wà kó má hàn nínú skáànù rárá, nítorí náà tí nǹkan oṣù yín bá ń dá yín wó lulẹ̀ lóṣooṣù, ẹ má gbà kí skáànù tó dáa pa yín lẹ́nu mọ́.

Àwọn ìgbà kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ ronú físíò tàbí ọ́stíópátì rárá, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Tí nǹkan oṣù ò bá wá tí ìrora ńlá kan kàn dédé bẹ̀rẹ̀ lápá kan, pàápàá tí òòyì bá tún ń kọ́ yín, oyún lè wà níta ilé ọmọ, ìyẹn sì ń pa èèyàn. Ibà pẹ̀lú nǹkan tó ń rùn tó ń jáde lójú ara. Kí ìdí àti àárín itan kú, kẹ́ ẹ máa fẹ́ tọ̀ kó má jáde. Tí ọmọkùnrin bá ní kóró ẹpọ̀n òun kan dédé ń dun òun gan-an, ẹ má dúró di àárọ̀, láàárín wákàtí mẹ́fà ni wọ́n máa ń fẹ́ ṣe é kó tó bàjẹ́. Àwọn èyí tí kò ní kíá tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà láìpẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró pátápátá, ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́, àti kí èèyàn máa rù láìnídìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ SS, tẹ́ ẹ ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀là-dìde, mo bẹ̀ yín, tí ìrora bá wà ní orí itan níbi tó ti pàdé ìbàdí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, torí ẹ̀jẹ̀ kì í dé orí egungun itan dáadáa nínú àìsàn yẹn, egungun á máa kú díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kọ́ ló máa tún un ṣe.

Tí dókítà bá ti yẹ̀ yín wò tán, ẹ wá wá ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ máa kàn yín, ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lajú jù. Àwọn tó ń to eegun nílùú níṣẹ́ tiwọn, mi ò bú wọn, ṣùgbọ́n ìbàdí tó ń dùn láìṣẹ́ kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fà yọ. Másáàjì ọ̀dọ̀ onídìrí náà kọ́. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Oníṣẹ́ físíò ní láti ní ti MRTB, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ́dún 1988, wọ́n sì ń tún un gbà lọ́dọọdún, ẹni tó ní in kì í bínú tẹ́ ẹ bá ní kó fi hàn yín.

Wọ́n lè sọ fún yín pé àwọn nílò láti ti inú ojú ara tàbí ìdí yẹ iṣan wò. Òótọ́ ni, àwọn iṣan kan wà tó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ ti lè dé wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe dandan rárá tẹ́ ò bá fẹ́, iṣẹ́ púpọ̀ wà tí wọ́n lè ṣe láti ìta. Tẹ́ ẹ bá gbà, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, kí wọ́n lo jẹ́lì, kí wọ́n fi aṣọ bò yín, kí obìnrin míì wà nínú yàrá tẹ́ ẹ bá fẹ́, kí wọ́n sì dúró ní kété tẹ́ ẹ bá ní ó tó. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn, tó ní kẹ́ ẹ bọ́ gbogbo aṣọ, tó ní tẹ́ ò bá gbà òun ò lè ṣe nǹkan kan fún yín, ẹ dìde, ẹ gbé báàgì yín, ẹ máa lọ. Ẹ ò jẹ ẹ́ ní àlàyé. Àwọn ọmọbìnrin tí ò tíì mọ ọkùnrin, wọn ò gbọ́dọ̀ ti ojú ara yẹ̀ wọ́n wò, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn látẹnu ọ̀nà kó tó di pé ẹ dùbúlẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ mú ìwé kékeré kan tàbí fóònù, ẹ máa kọ ìrora yẹn sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Ọjọ́ tó dùn, ibi tó ti dùn, iye tẹ́ ẹ máa fún un láti òdo dé mẹ́wàá, ohun tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn, ìgbà tí nǹkan oṣù dé, bẹ́ ẹ ṣe yàgbẹ́. Ẹ tún kọ ọmọ tẹ́ ẹ ti bí àti bẹ́ ẹ ṣe bí i, iṣẹ́ abẹ tẹ́ ẹ ti ṣe, ìṣubú tẹ́ ẹ ti ṣubú. Ìṣubú ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Ọ̀kadà gbé èèyàn ṣubú lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ó jókòó gbì, ó dìde, ó gbọn ara ẹ̀ nù, kò tiẹ̀ sọ fún ẹnì kankan, bẹ́ẹ̀ egungun ìdí ti yẹ̀ díẹ̀ látìgbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá lóyún tàbí ẹ rò pé ẹ lóyún, tẹ́ ẹ bá ní rọ́bà (IUD) nínú ilé ọmọ fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tẹ́ ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ rí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò tó rọ̀, ẹ mú ìró dání, ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tèmi, ọ̀rọ̀ ló gba ìdajì àkókò. Obìnrin tó tọ́jú mi ní kí n rìn, ó wò mí, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí n tẹ̀ síwájú, kí n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá ní kí n dùbúlẹ̀, kí n ká orúnkún sókè. Kò bẹ̀rẹ̀ níbi tó ń dùn mí, abẹ́ igẹ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ lé, ó ní kí n mí, ó ní ṣé mo rí i pé ikùn mi ò gbéra rárá, òkè àyà nìkan ni mo fi ń mí. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ egungun ìbàdí, díẹ̀díẹ̀, ó ń béèrè pé ṣé ibí ni, ṣé ibí ni. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ egungun tí èèyàn fi ń jókòó, níbi tí kò fẹ̀ ju ojú àtàǹpàkò kan lọ, ìrora tí mo ti ń pè ní ti ilé ọmọ látọjọ́ yìí dìde wáyé lábẹ́ ìka ẹ̀. Mo pariwo pé òun nìyẹn. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má sá fún mi, ẹ mí síta." Kò tẹ̀ ẹ́ le o, ó kàn gbé ọwọ́ lé e, ó gbé ẹsẹ̀ mi sí ibi tí ìrora yẹn ti rọ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Mo gbọ́ ọ lára nígbà tó ń tú.

Ọ̀nà kan nìyẹn nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Òmíì ni kí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi orúnkún ti ọwọ́ àwọn fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, láìlo gbogbo agbára, kẹ́ ẹ dẹ̀, kí wọ́n wá na iṣan yẹn síwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ tún tì í. Wọ́n á tún fi ọwọ́ ra ojú àpá iṣẹ́ abẹ tó bá ti jinná dáadáa, kí awọ ibẹ̀ lè yọ̀ lórí ẹran. Àwọn kan máa ń fa oríkèé kó dún pàà, tẹ́ ò bá fẹ́ ìyẹn ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́, ìtọ́jú ò dúró lórí ẹ̀. Ìrora ìtọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tẹ́ ẹ lè mí nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ń di eyín, tẹ́ ẹ di ìdí mú, iṣan tún ń fún ni, ẹ ní kí wọ́n rọra.

Ara lè máa ro yín lọ́jọ́ kejì bíi pé ẹ roko, kì í sábà ju ọjọ́ méjì lọ. Ẹ mu omi, ẹ rìn díẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi táwẹ̀lì wé e, ẹ gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn. Tó bá kọjá ọjọ́ méjì, ẹ pè wọ́n.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù, ilé ló wà. Mímí ni màá fi ṣíwájú, torí gbogbo ìyókù dúró lórí ẹ̀. Tí èèyàn bá fa afẹ́fẹ́ sínú, iṣan tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró á sọ̀ kalẹ̀, tìsàlẹ̀ ìbàdí náà á sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, á sì dẹ̀, tó bá mí síta, àwọn méjèèjì á padà sókè. Ẹni tó ń fi òkè àyà mí látàárọ̀ dalẹ́, iṣan ìbàdí ẹ̀ ò ráyè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí ẹní tàbí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, ọ̀kan lé ìdodo. Ẹ fa afẹ́fẹ́ gba imú, jẹ́jẹ́, kí ọwọ́ tó wà lórí ìdodo gbéra, kí tàyà má fi bẹ́ẹ̀ mira. Bẹ́ ẹ ṣe ń fà á, ẹ jẹ́ kí ìdí àti ojú ara yín dẹ̀ wálẹ̀, bó ṣe máa ń rí nígbà tí ìtọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kì í ṣe kẹ́ ẹ gin o, ẹ kàn jẹ́ kó dẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu fúnra ẹ̀, ó yẹ kó pẹ́ ju èyí tẹ́ ẹ fà wọlé lọ. Ẹ ṣe é fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn. Lákọ̀ọ́kọ́ ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan lára, ẹ má fi sílẹ̀.

Tíyẹn bá ti mọ́ yín lára, ẹ fa orúnkún méjèèjì wá sí àyà, ẹ yà wọ́n díẹ̀, ẹ mí síbẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ jókòó lé gìgísẹ̀, ẹ na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń kí ọba, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sábẹ́ ẹran ìdí, níbi tó ki, kì í ṣe lórí egungun, ẹ rọra fara tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Tí nǹkan kan bá ta yín bí iná mọ̀nàmọ́ná lọ sí ẹsẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń sọ fún gbogbo obìnrin, pé kó máa fún ojú ara pọ̀ kó lè le. Èyí dáa fún ẹni tí iṣan ẹ̀ rọ̀, tó ń tọ̀ sára tó bá sín. Fún ẹni tí iṣan ẹ̀ ti fún jù, ṣe ló ń dá kún un. Ẹ má ṣe é títí ẹni tó ń tọ́jú yín á fi ní ó yá.

Ìgbẹ́ líle máa ń ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Mi ò ní kí ọmọ Èkìtì má jẹyán o, ṣùgbọ́n kí ẹ̀fọ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ ìbẹ́pẹ, kẹ́ ẹ mu omi. Tẹ́ ẹ bá jókòó sórí ṣáláńgá ìgbàlódé, ẹ gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ má gin. Àwọn ìyá wa tó ń lóṣòó yàgbẹ́ mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Tó bá jẹ́ àpò ìtọ̀ ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ dín obì àti kọfí kù, ẹ wò ó bóyá á rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ebè, ẹ má tẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán láìnà ró, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó lé ìsọ̀ lọ́jà Ọba, ẹ máa dìde rìn díẹ̀ ní bí ààbọ̀ wákàtí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọkọ yín. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹ kọ̀ ọ́, iṣan ló ń há. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ mú un dání lọ síbi ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan, torí ohun tí ọkùnrin ò ní gbà lẹ́nu ìyàwó, á gbà á lẹ́nu ẹni tó wọ aṣọ funfun. Ẹ má fi ara dà á láìsọ̀rọ̀ nítorí àlàáfíà ilé, gbogbo ìgbà tó bá dùn yín lara ń kọ́ láti fún sí i.

Àwọn ọkùnrin náà ń ní in. Ìrora láàárín ẹpọ̀n àti ìdí, kí ìtọ̀ máa ta wọ́n, kí ó máa ro wọ́n lẹ́yìn ìbálòpọ̀, wọ́n á ní àtọ̀sí ni, wọ́n á máa ra oògùn ní kẹ́míìsì lórí oògùn, nígbà tí tẹ́ẹ̀sì ò rí kòkòrò kankan. Iṣan kan náà ni, mímí kan náà ni, ọ̀dọ̀ físíò kan náà ni, àwọn ọlọ́kadà àti awakọ̀ tó ń jókòó látàárọ̀ ló yẹ kó gbọ́ ọ jù.

Ìwádìí lórí ìtọ́jú ọwọ́ yìí wà, àwọn kan fi hàn pé ìrora dín kù, pé èèyàn padà ń ṣe nǹkan tó ti fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn tó wà nínú wọn ò pọ̀, nítorí náà ẹni tó bá ṣèlérí ìwòsàn pátápátá fún yín ti sọ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ má san owó oṣù mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sàn án bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, tó bá ti tó bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà, ẹ ṣí ìwé tẹ́ ẹ ń kọ, ẹ wo ó. Bí òǹkà bá ti sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ ẹ bá ti lè jókòó pẹ́ sí i, bẹ́ ẹ bá ń sùn, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ gbé ìwé yẹn padà lọ bá dókítà àwọn obìnrin, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n fi kámẹ́rà kékeré wo inú ikùn, kẹ́ ẹ sì ní kí oníṣẹ́ físíò kọ ohun tó rí sínú lẹ́tà kẹ́ ẹ mú un dání.